Ìpanu Tútù fún Àwọn Tó Ń Ti Yídì Bọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Ummu Kulthum, iwájú àtẹ bàbá kan tó ń ta tùràrí àti dàbínù lẹ́bàá mọ́sáláásí ní Ọjà Tuntun ni. Ó mú ìgò òróró zàítúnì kan lọ́wọ́, ó ń yí i wò. Bàbá náà bi í léèrè ibi tó ń dun aláìsàn rẹ̀, bóyá orúnkún ni tàbí ẹ̀yìn, kí òun lè sọ bí yóò ṣe máa fi wọ́ ọ fún un.

"Kò sí aláìsàn, Bàbá. Orí búrẹ́dì ni mo fẹ́ dà á sí."

Bàbá náà rọra gba ìgò rẹ̀ padà, bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. "Orí búrẹ́dì kẹ̀?"

"Orí búrẹ́dì ni, ẹ má bínú."

Èmi tí mo wá ra dàbínù ni mo bá wọn dá sí i pé òróró náà ṣeé jẹ, kò sí èèwọ̀ kankan níbẹ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tó ti rẹ̀ débi pé ìrànlọ́wọ́ gan-an dà bí ẹrù mìíràn lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó gba òróró, ó lọ. Lẹ́yìn náà la di ojúlùmọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ummu Kulthum ni ìyàwó Hàrúnà tó ń tún fíríìjì ṣe. Nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn Ọjà Tuntun, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ yìí pè é. Àwọn ọmọ ilé ń pè é ní Ìyàwó, àwọn tó kù ń pè é ní Ìyá Raudah. Láràárọ̀, ó ń lọ se oúnjẹ ní ilé ìgbàlejò kan lápá GRA. Bó bá ti ibẹ̀ dé, yóò tún se ti ilé. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́, nítorí pé gbogbo ìyàwó tó wà nínú ilé náà ló ní ibi tó ń dùn ún.

Ilé náà ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹni tó bá ti Yídì bọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnu òfìfo wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi ìpanu pàdé rẹ̀, kí ó rí nǹkan fi sẹ́nu kí ìrẹsì àti ẹran tó dé. Mọ́sà ni ìpanu náà, mọ́sà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú epo jáde. Ìyàwó tó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé ló sì ń dín in. Àlàájà Bilkisu, ẹ̀gbọ́n Hàrúnà lóbìnrin, tó jẹ́ olórí gbogbo obìnrin ilé náà, a máa wí pé mọ́sà tó bá tutù dà bí ìkíni tí kò ní ẹ̀rín nínú.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó ń dín mọ́sà gbígbóná de àwọn tó ń ti Yídì bọ̀ kò lè sí ní Yídì. Láti ọdún tí Ummu Kulthum ti di ìyàwó àgbà, kò bá wọn kí ìrun ọdún rí. Ìdí epo ló ti máa ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbé Ọlọ́run tóbi lọ lójú títì, òógùn á máa ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, yóò máa yí mọ́sà padà. Raudah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí, a máa dé, a máa ròyìn fún un bí èrò ṣe pọ̀ tó, àti irú aṣọ tí àwọn èèyàn wọ̀. Yóò gbọ́, yóò ní ó dáa.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó fẹ́ lọ. Kò fẹ́ aṣọ, kò fẹ́ bàtà. Ó ṣáà fẹ́ kí ìrun ọdún ní Yídì kí ara òun tó dẹ́kun àtilọ.

Danjuma ló fún un ní ọgbọ́n tó lò. Danjuma ni olórí àwọn alásè ní ilé ìgbàlejò náà. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti bá àwọn òyìnbó Ítálì kan tó ń ṣe títì lápá Kàdúná dáná rí. Nínú ààwẹ̀ ọdún náà, àwọn àlejò kan ní kí wọ́n ṣe nǹkan ìpanu sílẹ̀ fún àpèjọ wọn. Danjuma bá gé búrẹ́dì gígùn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó yan án lórí èédú, ó fi aáyù pa ojú rẹ̀. Ó gé tòmátì wẹ́wẹ́, ó fi iyọ̀ àti òróró zàítúnì sí i, ó ya ewé kan tó ń ta sánsán bí ẹfínrín lé e lórí, ó fi wàrà dídì ti òyìnbó tẹ̀ lé e.

"Kí ni wọ́n ń pè é?" Ummu Kulthum bi í.

"Búrúsìkẹ́tà."

"Búrú kí ni?"

"Haba, Ìyá Raudah, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jíjẹ rẹ̀ ò nira, pípè rẹ̀ ló nira. Ìpanu ni. Wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun kí oúnjẹ gan-an tó dé."

Ummu Kulthum gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́?"

"Tútù ni. Ṣùgbọ́n má gbé tòmátì lé búrẹ́dì títí wọ́n á fi jókòó láti jẹ ẹ́ o. Bó bá pẹ́ lórí rẹ̀, á rọ̀ bí ẹ̀kọ tí òjò pa."

Ó ń rò ó lọ́kàn títí ó fi délé. Bí èèyàn bá ti yan búrẹ́dì sílẹ̀ lálẹ́, tí tòmátì wà nínú abọ́ tirẹ̀, tí wàrà wà nínú tirẹ̀, kí ló tún kù? Àwọn àgbà ilé kì í tètè dé láti Yídì. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n máa ń gbà padà, wọ́n á sì máa dúró kí èèyàn. Bí òun bá ti kírun tán, òun á wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, òun á ṣáájú wọn délé, òun á to gbogbo rẹ̀ sínú àwo. Ní ti wàrà, kò ní láti wá ti òyìnbó. Ọwọ́ Binta, ìyá Fúlàní tó ń jókòó ní ọjà Ìpàta, ló ti ń ra wàrà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Ẹfínrín sì wà lẹ́yìn ilé.

Ó lọ bá Àlàájà Bilkisu lórí ẹní ìrun rẹ̀, níbi tó ti ń fa tẹ̀sùbáà. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé.

"Búrẹ́dì tútù," ni Àlàájà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àti tòmátì tí kò fojú kan iná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àti òróró tí a fi wọ́ ẹsẹ̀ Bàbá wa títí wọ́n fi kú." Àlàájà mi orí. "Ìyàwó, kí ni mọ́sà fi ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, mà. Yídì ni mo fẹ́ lọ."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àlàájà. "Ṣé o kì í lọ ni?"

"Ta ni ì bá máa dín mọ́sà, mà?"

Àlàájà gbé tẹ̀sùbáà náà sórí itan rẹ̀. Ó hàn gbangba pé nínú gbogbo mọ́sà tó ti jẹ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò rò ó rí pé ẹni tó dín in ti ní láti wà nílé. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn fún ìyàwó ilé.

"Ó dáa. Ṣe Ítálì rẹ. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá yọ ṣùtì sí i, ìdí epo ni wàá padà sí, mi ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

"Ẹ ṣeun, mà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ayé ń wá oṣù, Ummu Kulthum ti ra wàrà, ó ti ra tòmátì, búrẹ́dì sì wà lórí tábìlì. Bí wọ́n ṣe ṣínu tán ni Àlàbí, àbúrò ọkọ rẹ̀, sáré wọ àgbàlá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Wọ́n ti rí i ní Sáúdì o! Ọ̀la ni! Ìyàwó wa, ẹ gbéná kalẹ̀!"

Àwọn ọmọ hó yèè. Ummu Kulthum kò dúró gbọ́ ìkéde ti ilé. Bí oṣù bá ti yọ ní Mẹ́kà, ta ni yóò tún sọ pé kò yọ ní Ìlọrin? Ó da iyọ̀ sínú wàrà, ó gé tòmátì, ó fi iyọ̀ àti òróró pò ó. Raudah ń gé búrẹ́dì, òun ń yan án. Èéfín èédú wọ inú aṣọ rẹ̀ àti irun rẹ̀. Nígbà tí abọ́ ìkẹyìn kún ni ìkéde dé: wọn kò rí oṣù níbì kankan ní orílẹ̀-èdè yìí. Ààwẹ̀ ń bá a lọ.

Àlàbí yọ orí wọlé, fóònù ti wà nínú àpò rẹ̀ báyìí. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Sáúdì ló tàn mí."

"Sáúdì kọ́, ọkọ mi. Ẹnu yín ni."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn abọ́ náà. Láti ọ̀sán ni iná ti lọ. Fíríìjì àwọn oníbàárà kún iwájú ilé wọn, kò sí èyí tó tutù nínú wọn. Hàrúnà, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́, wá yìnyín lọ. Ó pẹ́ kó tó dé, omi ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀rá tó gbé bọ̀.

"Pẹ̀lẹ́," ni Hàrúnà wí.

"Ẹ ṣé."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tòmátì ti ń yọ ìfófòó, wàrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Búrẹ́dì nìkan ló ṣì dáa. Oòrùn mú ganrínganrín, irú èyí tó máa ń mú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, Ummu Kulthum tún gba Ìpàta lọ. Ó rí tòmátì rà láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń já iṣu. Ṣùgbọ́n igbá Binta ti ṣófo.

"Ó ti tán, Ìyá Raudah. Gbogbo èèyàn ló tún padà wá rà lẹ́ẹ̀kejì."

"Kò ku ẹyọ kan?"

"Àwọn màlúù ò mọ̀ pé ọdún ti sún síwájú. Ohun tí wọ́n ní náà ni wọ́n fún wa. Wá láàárọ̀ ọ̀la, bí oòrùn bá ti gòkè díẹ̀."

Ìgbà tí oòrùn bá gòkè díẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n ń tò sẹ́sẹ̀ ní Yídì. Ummu Kulthum dúró síbẹ̀ títí alábàárù kan fi ní kó yà lọ́nà. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tí gbogbo obìnrin Ìlọrin ń ṣe sí wàrà tó fẹ́ kan: wọ́n á fi omi iyọ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì dín in. Ó lọ sílé lọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn àáfà ní ó tọ́ kí alásè tó ń gbààwẹ̀ fi ahọ́n kan oúnjẹ, kó sì tu ú dànù. Ummu Kulthum kì í ṣe é. Ó ní òùngbẹ a máa gbẹ òun débi pé òun kò fọkàn tán ahọ́n òun. Ó da iyọ̀ sínú omi wàrà, ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kó fi hó. Oorun gbé e lọ.

Raudah ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ìkòkò lórí iná. Ó rí i pé ìyá òun sùn, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó mọ̀ pé wàrà tí wọ́n bá ń bọ̀ ń fẹ́ iyọ̀ dáadáa. Ó bu iyọ̀ sí i, ó sì rọra ti ìlẹ̀kùn kí ariwo má bàa jí i.

Nígbà tí Ummu Kulthum jí, ó gbọn omi wàrà dànù, ó dín in, ó gbé e pamọ́. Lẹ́yìn ìṣínu, kò lè jẹ nǹkan kan ju kúnú lọ. Orí ẹní ló ti mu ún, kò sì mọ ìgbà tí ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé sunná ni kí èèyàn panu kó tó lọ sí Yídì lọ́jọ́ ìtúnu, ó mú wàrà ẹyọ kan, ó fi í sẹ́nu.

Ó tu ú sọ́wọ́. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Ó dà bí ẹni tó fi ahọ́n lá iyọ̀ nínú àpò.

"Raudah, ta ló fi iyọ̀ sí wàrà yìí?"

"Èmi ni, Màámi. Mo rí i pé ẹ sùn."

"Èmi náà fi sí i. Lánàá àti níjẹta."

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, abọ́ ńlá kan wà tí wọ́n fi aṣọ bò. Ìyẹ̀fun mọ́sà ni. Màsúdát, ìyàwó Àlàbí, ló pò ó sílẹ̀ láti àná. Àlàájà ló ní kó pò ó ní kọ̀rọ̀, nítorí kò fọkàn tán Ítálì. Ìyẹ̀fun náà ti wú, ó ń retí epo.

Raudah ti ń ká ọwọ́ aṣọ tuntun rẹ̀ sókè. "Ẹ máa lọ. Èmi á dín mọ́sà. Ọdún kan ṣáà ni."

Ummu Kulthum wò ó. Ọdún kan náà ni wọ́n sọ fún òun nígbà tí òun kọ́kọ́ jókòó sídìí epo náà. Ó fa ọwọ́ aṣọ ọmọ náà wálẹ̀.

"O ò ní dín in. Bó o bá dín in lónìí, ó di tìrẹ nìyẹn. Lọ mú ẹní rẹ."

Ó gbé wàrà sínú àwo kékeré, ó lọ bá Àlàájà Bilkisu tó ń múra àtijáde. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ró.

"Àlàájà, ẹ kú ọdún. Ẹ tọ́ èyí wò."

Àlàájà fi ẹyọ kan sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Subhanallahi! Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa àlejò ni?"

"Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, mà. Kò sí wàrà mìíràn. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ sọ. Láti ọdún tó ń bọ̀, ẹ fi mí sí ìdí epo títí tí mo fi máa kú, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ti òní, mà, ẹ jẹ́ n lọ kírun. Ó ti rẹ̀ mí."

Kò gbé ohùn sókè, kò sì sunkún. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé omi ti tán nínú ìkòkò. Àlàájà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bàtà, bó ṣe wú tó, tó fi jẹ́ pé okùn bàtà ti wọ inú ẹran. Ó mu omi, ó tún mu omi.

"Ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà?"

"Búrẹ́dì á wà níbẹ̀, mà."

Àlàájà fa ìborí rẹ̀ bọrí. "Wá wọ mọ́tò. Ọ̀nà jìn fún ẹsẹ̀ yẹn."

Bó ṣe dé Yídì nìyẹn. Ó ti rò pé òun máa sunkún, tàbí pé ara òun á fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò pọ̀, eruku ń sọ, oòrùn ń gun orí. Nígbà tó fi iwájú orí kanlẹ̀, ilẹ̀ náà tutù lábẹ́ ẹní, kò sì fẹ́ dìde mọ́. Nígbà tí lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ wáàsí, ó ti sùn lórí èjìká Raudah. Òun àti àwọn àgbà jọ padà sílé ni. Kò tún rántí kẹ̀kẹ́ Màrúwá. 

Àwọn tó ṣáájú wọn délé ti bu tòmátì lé búrẹ́dì fúnra wọn, wọ́n ti gbé wàrà oníyọ̀ náà, tí kò sẹ́ni tó rántí gbé pamọ́, lé e. Gbogbo wọn ló ń bèèrè omi. Àlàbí dúró láàárín àgbàlá, ó gbé ife lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, ṣé òkun Ítálì lẹ pọn wá ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà rí oṣù ní Sáúdì, ọkọ mi. Ẹ máa mu omi lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ju wàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti tòmátì, wọ́n sì ń bù kún un. Bàbá àgbà kan tó wá kí wọn ní búrẹ́dì yẹn le jù fún eyín òun, ó bèèrè bóyá kò sí mọ́sà ni. Ìbéèrè yẹn ló parí ẹjọ́ náà. Ummu Kulthum gbọ́ ọ, ó kọjá lọ sí ilé ìdáná lọ bu ìrẹsì.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Àlàájà Bilkisu pe gbogbo ìyàwó ilé jọ. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mo sọ pé bí àlejò bá yọ ṣùtì sí i, ìdí epo ni Ìyàwó ń padà sí. Ṣé mo sọ ọ́ tàbí n ò sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, mà," ni Ummu Kulthum dáhùn.

"Àlejò yọ ṣùtì sí i. Mọ́sà la ó máa ṣe." Ó ṣàtúnṣe ìborí rẹ̀ tí kò nílò àtúnṣe. "Ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo wa bá ti Yídì dé ni a ó tó gbé epo kaná. Gbogbo wa, mo ní. Ẹni tí ebi bá ń pa lẹ́nu ọ̀nà, kó mú sùúrù."

Màsúdát wo ilẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ummu Kulthum ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa." Ó gbìyànjú àtidìde, ẹsẹ̀ kọ̀, Àlàájà fúnra rẹ̀ ló nawọ́ fà á sókè. Ó wọ yàrá lọ, ó sùn títí wọ́n fi pe Màgáríbà.

Ọdún ti yípo láti ìgbà náà, ó sì ti bá wọn lọ sí Yídì. Epo náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé, yóò bọ́ aṣọ ọdún, yóò sì máa dín in. Ó ti fi iṣẹ́ ilé ìgbàlejò sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló gbà ní àdúgbò Ṣàngó, níbi tó ti ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì láàárọ̀, ó sì máa ń tì í kí ìrun Àílà tó tó.